Òtútù abẹ́ ń pa mí nínú hámọ́ọ̀kì, sleeping bag mi sì dáa, kí ni kí n ṣe?

OmoOsogbo_Glasgow:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Mo ń wá ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sun inú igbó, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo hámọ́ọ̀kì. Glasgow ni mò ń gbé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà, la jọ máa ń rìn lórí òkè lópin ọ̀sẹ̀, tó bá sì ṣeé ṣe a máa ń sùn síbẹ̀ mọ́jú. Tẹ́ǹtì làwọn ń lò, èmi ni mo yan hámọ́ọ̀kì torí ilẹ̀ ibí yìí kì í tẹ́jú, gbòǹgbò igi á máa gún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ ọ̀hún á tún rin gbindin, àmọ́ tí mo bá ti so hámọ́ọ̀kì mi sáàárín igi méjì báyìí, ẹ̀yìn mi tó máa ń ro mí látibi iṣẹ́ á kàn balẹ̀ ni, mi ò tíì rí ibùsùn tó tù mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni òtútù, òtútù abẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára sleeping bag mi pé ó dáa dé 0 digíìrì, owó gidi ni mo sì fi rà á. A lọ sùn sápá ìlà oòrùn adágún omi Loch Lomond níbi tí igi pọ̀ sí, òru ọjọ́ yẹn ò tutù kọjá 6 digíìrì, síbẹ̀ nígbà tó máa fi di aago méjì, ìdí mi, ẹ̀yìn mi àti èjìká mi ti tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ àyà mi àti ikùn mi gbóná débi pé mo ń làágùn. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì lé súwẹ́tà, kò yí nǹkan kan padà. Ṣé kí n lọ ra sleeping bag tó nípọn jù yìí lọ ni? Mo tún ń rí nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní underquilt, ó wọ́n gan-an ni, mi ò fẹ́ rà á kí n tó mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Ìparí oṣù Kẹwàá la tún ń lọ, igbó Rothiemurchus lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Aviemore, ní àwọn òkè Cairngorms ní Scotland níbí, ibẹ̀ á sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dájúdájú. Ìyàwó mi ní kí n padà sínú tẹ́ǹtì kí n má lọ kó àìsàn wálé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ń yọ mí lẹ́nu pé òun náà fẹ́ sun hámọ́ọ̀kì tòun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ẹ ṣé.

IyaIbeji_ATL:

Àbúrò, ẹ kú ìrìn o. Má tíì náwó sórí sleeping bag míì, kò sóhun tó ṣe èyí tó o ní, ibi tó o ti ń lò ó ni kò bá a mu.

Wò ó, ohun tó ń mú ara móoru nínú sleeping bag kì í ṣe aṣọ ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ tàbí òwú inú ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ yẹn ò ráyè rìn, òun ló ń dá ooru ara ẹ dúró. Ṣé o mọ bí adìyẹ ṣe máa ń fẹ gbogbo ìyẹ́ ẹ̀ sókè lásìkò ọyẹ́ tá á wá rí rọ̀bọ̀tọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń kó pa mọ́ sábẹ́ ìyẹ́ yẹn. Tó o bá wá dùbúlẹ̀ lé sleeping bag, gbogbo ìwúwo ara ẹ á tẹ apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á jáde tán, kò wá ní ju aṣọ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kù láàárín ẹ̀yìn ẹ àti òtútù. Bó ṣe ń ṣe nínú tẹ́ǹtì náà nìyẹn, ṣùgbọ́n fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ló ń gbà wọ́n níbẹ̀. Nínú hámọ́ọ̀kì kò sí fóòmù, atẹ́gùn sì ń gba abẹ́ ẹ kọjá látìrọ̀lẹ́ dàárọ̀, bí ooru ṣe ń jáde lára ẹ ló ń gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí jákẹ́ẹ̀tì tó o wọ̀ ò fi ràn ẹ́ lọ́wọ́, o tẹ òun náà pa ni.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára báàgì yẹn, ère èèyàn kan tí wọ́n ń fi iná mànàmáná mú gbóná ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ISO 23537 ni wọ́n ń pe ìlànà ọ̀hún, orí fóòmù ni wọ́n sì máa ń tẹ́ ère yẹn sí. Wọn ò gbé e kọ́ sójú afẹ́fẹ́. Torí náà 0 tí wọ́n kọ yẹn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn ẹ nínú hámọ́ọ̀kì. Tún wò ó dáadáa bóyá comfort (ibi tí èèyàn á ti sùn ní ìrọ̀rùn) ni 0 yẹn àbí limit (ibi tó kẹ́yìn tí èèyàn ṣì lè fara dà), torí obìnrin ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n comfort, ọkùnrin ni ti limit, èyí tí wọ́n sì kọ gàdàgbà síwájú kì í fìgbà gbogbo jẹ́ comfort.

Underquilt tó o ń rí yẹn, òótọ́ ni, òun gan-an ni oògùn ẹ̀. Ìta hámọ́ọ̀kì ni wọ́n ń so ó mọ́, lábẹ́, pẹ̀lú okùn rọ́bà, ara ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́, á kàn gbá ẹ mọ́ra látìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á sì wà níbẹ̀ digbí. Sleeping bag tó o ní á wá di ti òkè, ṣí síìpù ẹ̀, ki ẹsẹ̀ ẹ bọ ìdí ẹ̀, fi ìyókù bora bíi búláńkẹ́ẹ̀tì, ó parí.

Àríwá Georgia ní Amẹ́ríkà ni mo máa ń rìn, ní Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó gba orí òkè, láti Springer Mountain tó ti bẹ̀rẹ̀ títí lọ sí Blood Mountain àti ọ̀nà iwájú. Àwọn èèyàn máa ń rò pé Georgia ò lè tutù. Tó o bá ti ń gòkè, gbogbo 1,000 mítà tó o bá gùn, ooru á fi nǹkan bíi 6 sí 7 digíìrì wálẹ̀, Blood Mountain sì jẹ́ 1,359 mítà, ó fi bíi 1,000 ga ju Atlanta lọ, èèyàn á kúrò nílé nínú ṣẹ́ẹ̀tì lóṣù Kẹta, omi inú ìgò ẹ̀ á di yìnyín lóru. Underquilt ni mo ń fi sùn níbẹ̀, mo sì ń sùn wọra.

Baba_Sheffield:

Mo gbà pẹ̀lú àǹtí lórí àlàyé yẹn, wọ́n là á yé yéké, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé underquilt ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ sáré rà. Ẹ̀gbọ́n Glasgow, fóòmù ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Fóòmù líle yẹn, èyí tí wọ́n ń ká tàbí tí wọ́n ń ṣẹ́ po, kò wọ́n, òjò ò lè bà á jẹ́, kò lè bẹ́, tí igi ò bá sì sí níbi tẹ́ ẹ dé ẹ lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sùn lé e. Tẹ́ ẹ bá jókòó jẹun lálẹ́ òun náà lẹ ó fi ìdí lé. Underquilt ò lè ṣe gbogbo ìyẹn.

Àléébù ẹ̀ ni pé ó máa ń yọ̀, ẹ ó jí lóru ẹ ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kì í sì fẹ̀ tó, hámọ́ọ̀kì máa ń ká aṣọ mọ́ èèyàn léjìká, ibi tí fóòmù ò dé gan-an lòtútù á ti wọlé. Ohun tí mo ṣe sí tèmi ni pé mo gé fóòmù kejì, mo fi ègé kọ̀ọ̀kan há ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì níbi èjìká. Tẹ́ ẹ bá máa ra hámọ́ọ̀kì tuntun, ẹ ra èyí tí ìdí ẹ̀ jẹ́ aṣọ méjì, inú àárín aṣọ méjèèjì yẹn ni wọ́n ń ti fóòmù bọ̀, kò ní yọ̀ mọ́. DD Hammocks tó wà ní Edinburgh níbẹ̀ yẹn ń ta irú ẹ̀, hámọ́ọ̀kì ọ̀hún ò sì wọ́n púpọ̀.

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lẹ ní nílé, ẹ má fẹ́ ẹ kún, ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀ kó lè tẹ̀ mọ́ yín lára, tó bá le koránkorán á máa ta yín dànù. Ẹ wo R tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Bí R bá ṣe ga tó ni kì í jẹ́ kí ooru jáde tó, tẹ́ ẹ bá sì fi méjì lé ara wọn R wọn á ro pọ̀, 2 àti 2 á di 4. Ní Scotland ìparí oṣù Kẹwàá èmi ò ní lọ pẹ̀lú R 2 nìkan.

AraJos:

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú òtútù. Jos lèmi wà, ọmọ Ìwó ni wá ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí mi sí. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí ó sì ń yà mí lẹ́nu, torí mo ra hámọ́ọ̀kì, mo so ó sẹ́yìn ilé lóṣù Kìíní, lásìkò ọyẹ́, òru wa nígbà yẹn máa ń wà ní bíi 14 digíìrì, ó tún lè wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí mi tutù títí mo fi wọlé lọ. Mo rò pé ara mi ò le ni, àṣé bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn. Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ ń dárúkọ yìí ò sí lọ́jà wa, kí lẹ rò pé mo lè fi ṣe é?

Baba_Sheffield:

@AraJos ara yín le dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwa tá a ń lo hámọ́ọ̀kì la máa ń sọ pé tó bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bíi 20 digíìrì lọ, èèyàn á ti máa fẹ́ nǹkan sábẹ́, 14 pẹ̀lú atẹ́gùn ọyẹ́ tó gbẹ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fóòmù, ẹ ní kí wọ́n gé èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò fún yín, kó fẹ̀ dáadáa níbi èjìká, ẹ tẹ́ ẹ sínú hámọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ sì fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora. Torí ilé yín lẹ wà tí òjò ò sì sí lóṣù Kìíní, fóòmù bẹ́ẹ̀dì lásán náà á ṣiṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé ó máa ń mu omi ni, ẹ má gbé e lọ sórí òkè nígbà òjò.

Aberdeen_Omoluabi:

Ẹ̀gbọ́n Glasgow, ọ̀rọ̀ fóòmù àti underquilt dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa ibi tẹ́ ẹ ń lọ torí mo mọ Rothiemurchus, mo máa ń lọ síbẹ̀. Igi pine àtijọ́ ló kún ibẹ̀, àwọn igi ńlá tó jìnnà síra wọn níwọ̀n tó dáa, ibi tó wu èèyàn láti so hámọ́ọ̀kì ni lóòótọ́. Tó bá dìparí oṣù Kẹwàá òru ibẹ̀ lè dé 0, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ bá so ó sí máa ṣe ju ohun tẹ́ ẹ rà lọ. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ, tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí atẹ́gùn ò sì fẹ́ lóru, gbogbo òtútù orí òkè á máa ṣàn wálẹ̀ sínú àfonífojì, á sì dúró síbẹ̀. Braemar, tó wà lápá kejì òkè Cairngorms yẹn, nínú àfonífojì odò Dee ló wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn -27.2 digíìrì lọ́dún 1895 àti lọ́dún 1982, kò tíì sí ibi tí wọ́n ti wọn òtútù tó ju ìyẹn lọ ní gbogbo Britain. Torí náà ẹ má sùn sétí odò bó ti wù kó lẹ́wà tó, ọ̀rinrin tún wà níbẹ̀ tá á máa mú aṣọ yín rin. Ẹ má sì gun ṣóńṣó òkè, atẹ́gùn á fẹ́ yín bàjẹ́. Ẹ gòkè díẹ̀ kúrò létí omi, inú igi, ní ẹ̀gbẹ́ òkè tí atẹ́gùn ò kọjú sí, ibẹ̀ lẹ wà. Mo ti rí i tí ìgbésẹ̀ díẹ̀ sókè lásán yí gbogbo nǹkan padà, ìsàlẹ̀ ti funfun fún yìnyín, ọ̀dọ̀ wa lókè gbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, tapólìn. Òjò Scotland kì í rọ̀ láti òkè nìkan, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà wọlé. Tapólìn tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ so ó sísàlẹ̀ kó sún mọ́ hámọ́ọ̀kì, ẹ fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Atẹ́gùn tẹ́ ẹ bá dá dúró lábẹ́ yín ju búláńkẹ́ẹ̀tì kan lọ. Bí underquilt bá dáa tó, tí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín òun àti hámọ́ọ̀kì, asán ni.

Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ tó so nǹkan kan, àwọn pine àtijọ́ yẹn máa ń ní ẹ̀ka tó ti kú tó ṣì rọ̀ sórí igi, èyí tó bá já lulẹ̀ lóru lè pa èèyàn. Bẹ́líìtì tó fẹ̀, ó kéré tán ìwọ̀n ìka méjì, ni kẹ́ ẹ fi yí igi ká, kì í ṣe okùn tín-ín-rín tó ń jẹ èèpo igi.

Lórí òfin, ẹ fọkàn balẹ̀, òfin ọdún 2003 tó wà fún ilẹ̀ Scotland fún gbogbo èèyàn láyè láti sùn níta láìba nǹkan jẹ́. Ẹ̀bá Loch Lomond tẹ́ ẹ lọ yẹn ló ní àwọn àdúgbò kan tẹ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ gba páàmíìtì láti 1 oṣù Kẹta títí di 30 oṣù Kẹsàn-án. Iná igi nìkan ni kẹ́ ẹ yẹra fún, ìlànà ìrìn níta níbẹ̀ sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n má dáná nínú igbó tàbí lórí ilẹ̀ peat, ilẹ̀ dúdú tó ń jó lábẹ́lẹ̀ láìsẹ́ni tó rí i. Sítóòfù kékeré ni kẹ́ ẹ fi se nǹkan.

OmoOsogbo_Glasgow:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ ère orí fóòmù yẹn ló là mí lójú jù.

Mo wá ní ìbéèrè díẹ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ní underquilt tí òun ò lò mọ́, òwú rọ́bà ló wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ìyẹ́, òun á yá mi. Ó ní òun lò ó, òtútù ṣì mú òun, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ṣiyèméjì. Kí ló lè fà á? Ìkejì, àwọn kan nínú wa máa ń gbé whisky dání pé tá a bá gbé díẹ̀ mì ká tó sùn ara á móoru. Ẹnì kan tún dábàá pé ká fi éédú gbígbóná sínú agolo sábẹ́ hámọ́ọ̀kì lábẹ́ tapólìn. Kí lẹ rí sí i? Ọmọ mi náà ńkọ́?

Noosi_Leeds:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti éédú kí ẹnikẹ́ni tó lọ ṣe é. Rárá o. Éédú tó ń jó máa ń tú èéfín carbon monoxide jáde, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀, á kàn sùn lọ ni. Ó ti pa àwọn tó gbé báábékíù wọ tẹ́ǹtì ní ilẹ̀ yìí, ìdílé odidi kan lè bá a lọ. Kódà kó dà bíi pé iná ti kú nínú ẹ̀ ó ṣì ń tú u jáde. Tapólìn tẹ́ ẹ fà wálẹ̀ yí ká ò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí tẹ́ǹtì, yàtọ̀ sí pé náílọ́ọ̀nù hámọ́ọ̀kì àti underquilt lè gbaná lẹ́ẹ̀kan náà.

Whisky pẹ̀lú, ẹ fi í lẹ̀. Ọtí máa ń ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ ara, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á sáré wá sókè, ìdí nìyẹn tí ara fi ń dà bíi pé ó móoru, ṣùgbọ́n ooru inú ara lẹ ń tú dànù yẹn. Ó tún ń dín gbígbọ̀n kù, gbígbọ̀n yẹn sì ni ara fi ń dáná fún ara ẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni oúnjẹ àti omi gbóná. Ẹ jẹ nǹkan tó lọ́ràá ní bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ̀pà, ṣíìsì, ṣokoléètì, ara á máa dà á jóná díẹ̀díẹ̀ lóru. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, tí ìtọ̀ bá sì tún gbọ̀n yín lóru ẹ dìde lọ tọ̀, ẹ má mú un mọ́ra torí òtútù, ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra ò ní sun oorun gidi. Ẹ pàrọ̀ gbogbo aṣọ tẹ́ ẹ fi rìn, títí kan síńgílẹ́ẹ̀tì àti sọ́ọ̀kìsì, bó ti wù kó dà bíi pé ó ti gbẹ, òógùn ṣì wà nínú ẹ̀. Sọ́ọ̀kìsì onírun àgùntàn tí kò fún ẹsẹ̀, fìlà tó bo etí. Ẹ má ki orí bọnú sleeping bag kẹ́ ẹ máa mí sínú ẹ̀, omi inú èémí á mú un rin.

Ẹ bu omi gbóná sínú ìgò tó le, irú èyí tí ọmọrí ẹ̀ ń fún dáadáa, ẹ dojú ẹ̀ dé wò bóyá ó ń jò, ẹ fi sọ́ọ̀kìsì wọ̀ ọ́ kó má jó yín lára, ẹ fi sáàárín itan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gba ibẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀, á gbé ooru yẹn káàkiri.

Fún ọmọ: ọmọdé máa ń pàdánù ooru ju àgbàlagbà lọ, kì í sì í sábà sọ. Ẹ so tiẹ̀ sí ibi tọ́wọ́ yín ti lè tó o láti inú tiyín. Tó bá ń gbọ̀n tí kò dáwọ́ dúró, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń lọ́, tó ń fọwọ́ kọ nǹkan, tó ń tòògbé lọ́nà tí kò rí bó ṣe máa ń rí, ara ẹ̀ lè ti lọ sísàlẹ̀ 35 digíìrì, ìyẹn ni hypothermia. Tí gbígbọ̀n bá wá dáwọ́ dúró nígbà tí ara ò tíì móoru, ó ti burú sí i ni, kì í ṣe pé ó sàn. Ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ilẹ̀ yìí, ẹ gbé e kúrò lójú atẹ́gùn, ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ dì í mọ́ra pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, tó bá lajú dáadáa ẹ fún un ní tíì dídùn. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ ya iná.

IyaIbeji_ATL:

Ẹ ṣé nọ́ọ̀sì wa, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọwọ́ yín.

Àbúrò, ti underquilt ọ̀rẹ́ ẹ. Mo lè fi ọkàn mi sọ pé àlàfo ló ṣe é. Tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ jù, àlàfo á wà láàárín òun àti hámọ́ọ̀kì, afẹ́fẹ́ tútù á dúró síbẹ̀, ara ẹ á máa ṣiṣẹ́ láti mú afẹ́fẹ́ yẹn gbóná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó o bá wá fà á sókè jù, ìdí ẹ á tẹ̀ ẹ́ pa, o ti padà síbi tó o ti ń bọ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é: màá sùn sínú ẹ̀, màá ní kí ọmọ mi kan ki ọwọ́ bọ àárín underquilt àti hámọ́ọ̀kì níbi ìdí mi. Ó yẹ kí ọwọ́ ẹ̀ fara kan aṣọ méjèèjì láìtiraka. Àárín ẹ̀yìn níbi tó tẹ kòtò yẹn àti abẹ́ èjìká ni kó yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni àlàfo máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ẹnu méjèèjì, lórí àti lẹ́sẹ̀, okùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń fà, fà á kó pa dé, ṣùgbọ́n má fún un débi tí gbogbo ẹ̀ á fi gbé sókè. Tó bá ti ń yọ̀ lọ sẹ́sẹ̀ lóru, okùn ẹsẹ̀ le ju ti orí lọ nìyẹn, tú u díẹ̀.

Bó o ṣe so hámọ́ọ̀kì gan-an wà nínú ẹ̀. Bẹ́líìtì yẹn kó dagun wálẹ̀ ní bíi 30 digíìrì. Ní 30 yẹn agbára tó ń fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan ò ju ìwúwo ara ẹ lọ, tó o bá fà á le títí kó fi kù bíi 10, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, hámọ́ọ̀kì á ká ẹ mọ́ léjìká, underquilt ò sì ní lè dọ́gba lábẹ́ ẹ. Jẹ́ kó rọ̀. Mo máa ń na okùn kan tààrà lókè láti ìdí hámọ́ọ̀kì dé orí ẹ̀, gígùn ẹ̀ jẹ́ bí 83 nínú 100 gígùn hámọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé hámọ́ọ̀kì mítà 3.3, okùn ẹ̀ á jẹ́ bíi mítà 2.75. Ibi yòówù kí igi wà, bó ṣe rọ̀ lánàá náà ló máa rọ̀ lónìí, underquilt tó o ti tò dáadáa nílé ò ní yí padà. Kó o wá sùn ní ìdábùú, orí sápá kan, ẹsẹ̀ sápá kejì, ẹ̀yìn ẹ á tẹ́jú.

Tó jẹ́ òwú ló wà nínú ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún Scotland yín. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ fúyẹ́, ó sì ká kéré, èmi náà ìyẹ́ ni mò ń lò, ṣùgbọ́n tí omi bá wọ̀ ọ́ á rọ pẹ̀tẹ̀, kò ní mú ooru kankan dúró mọ́. Òwú rọ́bà máa ń fara da ọ̀rinrin ju ìyẹn lọ. Ó wúwo díẹ̀ ni, o sì lè rù ú.

Ti ọmọ, fi owó pa mọ́. Duvet fẹ́lẹ́ tí kò lò mọ́ nílé, tàbí búláńkẹ́ẹ̀tì olówùú tó fúyẹ́, ran ihò okùn sí eteetí ẹ̀ ní gígùn, ki okùn rọ́bà bọ̀ ọ́, kó o sì fi so ó mọ́ abẹ́ hámọ́ọ̀kì ẹ̀. Torí kò ga, á bò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Fi fóòmù Baba_Sheffield kún un nínú hámọ́ọ̀kì, méjèèjì lè jọ ṣiṣẹ́, kò pọn dandan kéèyàn yan ọ̀kan. Nǹkan dídán tí wọ́n fi ń bo gíláàsì iwájú mọ́tò nígbà oòrùn náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń tẹ́ ẹ sábẹ́, ó ń gé atẹ́gùn dáadáa, ṣùgbọ́n òógùn máa ń dúró lórí ẹ̀, sọ aṣọ kan lé e.

Baba_Sheffield:

Àǹtí ti bá mi parí ẹ̀, méjèèjì pọ̀ ni kẹ́ ẹ lò fún 0 digíìrì. Mo ṣì di ọ̀rọ̀ mi mú ṣá, tí underquilt tí wọ́n yá yín bá kọṣẹ́ lóru, fóòmù ló máa gbà yín.

OmoOsogbo_Glasgow:

Mo ti gba gbogbo ẹ̀. Màá lọ gba underquilt lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ Àìkú, màá ra fóòmù kan fún èmi àti ọ̀kan fún ọmọ, èmi àti ẹ̀ á so ó sínú ọgbà ilé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Paisley, igi méjì wà níbẹ̀, ká kọ́kọ́ sùn síbẹ̀ mọ́jú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó di pé a lọ, kó lè jẹ́ pé tí òtútù bá mú un, ilé ò jìnnà. Ìyàwó mi ti gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ló kù: òjò. Lọ́jọ́sí omi gba bẹ́líìtì wọlé wá sí ìdí hámọ́ọ̀kì mi, tó bá lọ kan underquilt ńkọ́?

Aberdeen_Omoluabi:

Ẹ wá okùn òwú kékeré, tàbí okùn bàtà, ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì lábẹ́ tapólìn, kó tó dé ibi tí hámọ́ọ̀kì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Omi tó ń bọ̀ lórí bẹ́líìtì á gba ara okùn yẹn kán sílẹ̀. Apá méjèèjì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Underquilt ò gbọ́dọ̀ yọ jáde kọjá tapólìn níbi kankan, ẹ wò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sùn sínú ẹ̀ torí hámọ́ọ̀kì máa ń lọ sísàlẹ̀ nígbà téèyàn bá wà nínú ẹ̀. Láàárọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi kọ́ sábẹ́ tapólìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń se tíì kí ọ̀rinrin òru lè kúrò lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì délé ẹ má fi sílẹ̀ nínú àpò kékeré tẹ́ ẹ fún un mọ́, ẹ fi kọ́ sínú wọ́dúróòbù, tó bá pẹ́ nínú àpò yẹn òwú inú ẹ̀ kì í wú padà mọ́.